Àwo Rì, Ọ̀rá Kọ̀, Kò Rì

Àwọn àgbà Àwórì a máa sọ ọ́ pé ní ìgbà ìwáṣẹ̀, nígbà tí Ògúnfúnminírè ń ti Ilé-Ifẹ̀ bọ̀ tí kò sì tí ì mọ ibi tí òun yóò tẹ̀dó sí, àwo kan ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́ pé kí ó gbé e lé ojú omi Ògún, kí ó máa tẹ̀ lé e bí ó ti ń léfòó lọ, níbikíbi tí àwo náà bá sì gbé rì, kí ó mọ̀ pé ilé rẹ̀ nìyẹn. Àwo ń lọ, bàbá ń lọ, àwo yà sí èbúté kan, ó sinmi díẹ̀, ó tún mú ọ̀nà rẹ̀ pọ̀n, nígbà tí ó di Ìṣẹrì, àwo yí bírí, ó wọ ìsàlẹ̀ odò lọ, ariwo sì sọ pé, “Àwo ti rì!” Láti inú igbe yìí ni orúkọ Àwórì ti jáde, láti ara àwọn Àwórì ni Ọ̀tà sì ti ṣẹ̀, Ọ̀tà ìlú Ọlọ́tà, Ọ̀tà ilé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìlú àtàtà tí ó jókòó sí orí ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Èkó láti ọjọ́ tí ó ti jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn ín.

Ní ọjọ́ kan tí òjò ká mi mọ́ abẹ́ afárá Ṣàngó ní Ọ̀tà, tí mo fi igun ṣọ́ọ̀bù kan ṣe ibi ìsádi, ni ìtàn yìí wá sí mi lọ́kàn, mo sì bi ara mi léèrè pé, bí ó bá ṣe pé ọ̀rá dúdú kan, irú èyí tí aláta fi ń di tòmátì fún oníbàárà, ni wọ́n fi lé Ògúnfúnminírè lọ́wọ́ ní ọjọ́ náà lọ́hùn-ún, níbo ni àwa ìbá máa gbé lónìí? Ìṣẹrì kì bá tí dá a dúró. Ohun tí a fi ṣe ọ̀rá fúyẹ́ ju omi lọ, kì í sì fẹ́ rì bí kò bá ṣe pé iyanrìn tàbí ẹrẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ìbá gba Ìṣẹrì kọjá, ìbá wọ inú ọ̀sà, ìbá gba ẹnu ọ̀sà bọ́ sínú òkun, bàbá ńlá àwọn Àwórì ìbá sì ṣì máa tẹ̀ lé e títí di òní olónìí, láìní ilé, láìní ìlú, láìní orúkọ tí a ó fi máa ki àwọn ọmọ rẹ̀.

Òjò ọjọ́ náà kò pẹ́, kò ju ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń jẹ àkàrà méjì tán lọ, ṣùgbọ́n kí ó tó dá, àgbàrá ti gba ojú ọ̀nà lọ́wọ́ ọkọ̀. Gọ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà o. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n sì fi kọnkéré tẹ́ ẹ. Àyè ni kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan tí ń ta èlò iná mànàmáná ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó mú ọ̀pá, ó ń fi í wọ́ ohun tí ó dí ẹnu gọ́tà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jáde: ọ̀rá omi, ọ̀rá búrẹ́dì, ọ̀rá dúdú, ọ̀rá funfun tí a tẹ orúkọ ilé ìtajà sí lára, ọ̀rá tí ó lọ́ mọ́ ara ọ̀rá bí irun tí a kò yà láti ọdún tí ó kọjá. Ó ń wọ́ ọ, ó ń yí imú pọ̀, ó sì ń gbé àwọn tí ó da á síbẹ̀ ṣépè. Nígbà tí omi fà díẹ̀, oníbàárà kan dé, ó ra gílóòbù méjì. Ọkùnrin yìí nu ọwọ́ mọ́ ara ṣòkòtò, ó fa ọ̀rá dúdú kan yọ nínú àwọn tí ó so rọ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó kó gílóòbù sínú rẹ̀, ó fi lé oníbàárà lọ́wọ́, ó sì kí i pé kí ó máa lọ ire. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀ ni àwọn baba wa wí. Ní Ṣàngó, gbogbo wa ni a jọ ń da eérú náà, ojú ẹlòmíràn ni a sì ń wò nígbà tí ó bá fẹ́ padà sí wa lára.

Ọ̀ràn ọ̀rá kò rí ní Ọ̀tà bí ó ti rí ní ìlú mìíràn, nítorí pé níhìn-ín ni a ti ń bí i. Nígbà tí ilẹ̀ wọ́n ní Èkó, tí àwọn onílé iṣẹ́ ń wá ibi tí wọn yóò na ẹsẹ̀ sí láì jìnnà sí èbúté, Ọ̀tà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yà sí, láti Ṣàngó títí lọ dé ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ẹ̀rọ kò sì sinmi níbẹ̀ lọ́sàn-án lóru. Lára ohun tí wọ́n ń ṣe ni ọ̀rá. Èérún ike funfun, róbótó, wẹ́wẹ́, tí ó ti ara epo rọ̀bì àti gáàsì wá, òmíràn láti Eleme lẹ́bàá Port Harcourt, òmíràn láti òkè òkun, ni wọ́n ń dà sínú ẹ̀rọ. Iná a yọ́ ọ, afẹ́fẹ́ a fẹ́ ẹ sókè bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fẹ́ ìfófòó ọṣẹ, a di ọ̀wọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ó dìde láti ilẹ̀ dé òkè àjà, róólà a tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, irin gbígbóná a gé e, a sì lẹ ìdí rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan kò ní í lè fi ojú ẹ̀gàn wo iṣẹ́ náà mọ́. Ìdílé púpọ̀ ni owó oúnjẹ wọn ń ti ibẹ̀ jáde. Àwọn mìíràn sì tún wà tí ó jẹ́ pé ṣíṣa ọ̀rá àti ike ní ààtàn, kí wọ́n tà á fún àwọn tí ń lọ̀ ọ́ di tuntun, ni wọ́n fi ń rán ọmọ wọn ní ilé ìwé. Nítorí náà ẹni tí yóò bá dúró ní ọjà Ṣàngó kí ó máa pariwo pé kí a pa ọ̀rá run, kí ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ wò dáadáa. Aládùúgbò rẹ̀ ni yóò bá nídìí ẹ̀rọ.

Ire ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1933 ni àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Eric Fawcett àti Reginald Gibson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ICI ní Northwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe kòńgẹ́ ohun funfun kan tí ó dà bí ìda nínú ìkòkò ìdánwò wọn, ohun tí wọn kò wá lọ. Ohun náà ni ìyá gbogbo ọ̀rá tí a ń lò. Ẹni tí ó wá gé e ní gígé tí ó fi ní ọwọ́ méjì bí síńgílẹ́ẹ̀tì, tí a fi lè gbé e rọ̀ sí ìka, ni Sten Gustaf Thulin, ará Sweden, ọdún 1965 sì ni ilé iṣẹ́ rẹ̀, Celloplast, gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ ọnà náà ní Amẹ́ríkà. Ọmọ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé baba òun rò pé àpò yìí yóò gba igi là lọ́wọ́ àwọn tí ń gé e lulẹ̀ láti fi ṣe àpò bébà, pé kò tilẹ̀ sí nínú èrò baba òun rárá pé ènìyàn yóò lò ó lẹ́ẹ̀kan kí ó sọ ọ́ nù, àti pé baba náà a máa ká ọ̀kan sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ nígbà gbogbo. Mo ti ronú lórí èyí títí. Ẹni tí ó ṣe ọ̀rá lò ó bí ìyá àgbà ṣe ń lo agbọ̀n. Àwa tí ó ní agbọ̀n ni a wá ń lo ọ̀rá bí ẹni tí ń tu itọ́.

A ní agbọ̀n lóòótọ́, a sì ní ju agbọ̀n lọ. Ẹni tí ó bá ti tó àádọ́rin ọdún ní Ọ̀tà yóò rántí pé kò sí obìnrin tí ń lọ sí ọjà lọ́wọ́ òfìfo: bí kò bá gbé igbá, yóò gbé apẹ̀rẹ̀, bí kò bá gbé apẹ̀rẹ̀, yóò gbé abọ́ irin tí a fi òdòdó kùn, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹrù ìyàwó. Ẹni tí ń ra epo mú ìgò dání, ẹni tí ń ra ẹmu mú kèrègbè. Ewé eéran wà fún ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀, ewé gbòdògì wà fún obì, ewé tíìkì wà fún ẹran àti irú. Ewé a sì máa ṣe ohun tí ọ̀rá kò lè ṣe láéláé, èyí ni pé a máa fi díẹ̀ nínú òórùn àti adùn tirẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tí a dì sínú rẹ̀. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ọ̀rá yóò pẹ́ lára ọṣẹ títí ayé, ọ̀rá náà ni yóò máa jẹ́. Ọdẹ ní àpò tirẹ̀, babaláwo ní tirẹ̀, adóṣù Ṣàngó sì ní làbà, àpò awọ oníṣẹ́ ọnà tí ó ń gbé kọ́ èjìká, tí ó ń kó ẹdùn àrá sí, tí kò sì sí ẹni tí ó tó bẹ́ẹ̀ láti bi í bóyá yóò gba ọ̀rá. Ìlú tí ó ń jẹ́ orúkọ Ṣàngó, tí àmì òrìṣà rẹ̀ jẹ́ àpò tí ń ti ọwọ́ baba bọ́ sí ọwọ́ ọmọ, ni ó wá di ibi tí ọ̀rá ti ń fò lójú ọ̀nà bí ẹyẹ lékeléke.

Kí ni ó yí wa padà? Àwọn kan yóò wí pé ọ̀làjú ni. Tèmi ni pé èènì ni. Obìnrin Yorùbá kò lè ra nǹkan kí ó má retí èènì. Ọlọ́jà tí kò fi èènì sí i, a ó pe orúkọ rẹ̀ ní ahun kí ó tó di ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀. Ọjà wá wọ́n, kọ́ńgò gàrí di ohun tí a ń fi ojú wọ̀n, ọlọ́jà kò lè bu ẹ̀kún ọwọ́ kan sí i mọ́ láìjẹ gbèsè. Ọ̀rá ni ó ṣẹ́ kù tí ó lè fi ta oníbàárà lọ́rẹ, ọ̀rá sì pọ̀, owó rẹ̀ sì kéré. Bí ó ti di èènì nìyẹn. Ẹ lọ wo ọjà: ẹni tí ó ra ata yóò gba ọ̀rá, wọn yóò fi ọ̀rá kejì wọ̀ ọ́ kí ó má baà ya, wọn yóò sì ká ẹ̀kẹta sí i lórí, inú yóò sì dùn ní ìhà méjèèjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọ̀rá kúrò ní ọjà Yorùbá láìmọ̀ pé inú rere ni ó ń gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà, yóò rí ìjà tí kò retí.

Ìjọba ti gbé òfin dé, wọ́n sì gbé e dé láti ìhà méjì. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, bí a bá gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò jáde kúrò ní Ọ̀tà tí a sì kọjá ẹnubodè, a ti bọ́ sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí òfin oṣù Kejìlá ọdún 2017 ti fi òpin sí ọ̀rá tí kì í jẹrà. Ní ìhà gúúsù, ní ìkọjá ibi tí a ṣì ń pè ní Tóò-géètì bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí géètì níbẹ̀ mọ́, ìpínlẹ̀ Èkó wà, tí ó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ike funfun tí a fi ń bu oúnjẹ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 2025 láti máa fi òfin mú àwọn ike àlòsọnù mìíràn, títí kan ọ̀rá tí nínípọn rẹ̀ kò tó máíkírọ́ọ̀nù 40. Àárín òfin méjèèjì yìí ni Ọ̀tà jókòó sí bí ọmọ tí baba kan ń pè níwájú tí baba kan ń pè lẹ́yìn. Ẹni tí ó wọ ọkọ̀ láti Èkó lè fi ọ̀rá rẹ̀ pamọ́ títí dé Tóò-géètì kí ó tó tú u síta. Ní Àbújá, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí àbá kan ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019 tí ìbá ti fòfin de ọ̀rá ìrajà ní gbogbo orílẹ̀-èdè, àbá náà kò di òfin. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ àwọn mínísítà pinnu pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jáwọ́ nínú ike àlòsọnù. Ilé iṣẹ́ ìjọba kì í ra ata.

Èmi kò kórìíra òfin. Bangladesh ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 2002, kì í sì í ṣe ìfẹ́ àṣà ni ó fà á, bí kò ṣe pé omíyalé ọdún 1988 àti ti 1998 ti fi hàn wọ́n pé ọ̀rá ni ó dí ọ̀nà omi. Rwanda tẹ̀ lé e ní 2008, Kenya ní 2017 pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó ọdún mẹ́rin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, kò sí ẹ̀wọ̀n. Pẹ́ńsì márùn-ún péré ni wọ́n ní kí ènìyàn máa san lórí ọ̀rá kan ní àwọn ilé ìtajà ńláńlá láti oṣù Kẹwàá ọdún 2015, ó sì di pẹ́ńsì mẹ́wàá ní 2021. Ẹ wo ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó jẹ́ pé bí ó bá wálé sí Ọ̀tà fún ọ̀sẹ̀ méjì, yóò kó ọ̀rá ogún jọ: ní ọ̀hún, ó ti ká àpò aṣọ sínú báàgì ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó jáde nílé. Kì í ṣe pé ó di ẹni mímọ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Èyí ni ó mú mi dé ọ̀dọ̀ àpò aṣọ tí gbogbo ayé ń yìn, pàápàá èyí tí a fi òwú tí a gbìn láìlo oògùn apakòkòrò àti ajílẹ̀ kẹ́míkà ṣe. Ó yẹ ní yíyìn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yìn ín bí a ti ń yin ènìyàn ẹlẹ́ran ara, kí a má yìn ín bí òrìṣà. Ní ọdún 2018, àjọ tí ń mójú tó àyíká ní ilẹ̀ Denmark gbé ìṣirò kan jáde tí ó dá ìjà sílẹ̀ káàkiri. Wọ́n ní bí a bá fi ti èéfín tí ń mú ayé gbóná nìkan wò ó, àpò aṣọ òwú lásán ní láti lọ sí ọjà ní ìgbà 52 kí ó tó bá àpò ike kan dọ́gba, ti òwú aláìlóògùn sì ní láti lọ ní ìgbà 149. Bí a bá sì kó gbogbo ìpalára yòókù pọ̀, títí kan ti òfuurufú òkè lọ́hùn-ún, ó di 7,100 fún ti àkọ́kọ́, ó di 20,000 fún ti ìkejì. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé èyí tí kò ní oògùn ni ó burú jù nínú ìṣirò náà: òwú tí a kò fi oògùn àti ajílẹ̀ tì lẹ́yìn kì í so tó ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, oko ńlá ni a ó fi rí ìwọ̀n kan náà. Ìyàwó ọ̀ṣìngín tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, tí ó bá ń gbé àpò yìí lọ sí ọjà lójoojúmọ́ tí Olúwa ń là, yóò ti di ìyá àgbà ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin kí 20,000 tó pé.

Àwọn tí ń ṣe ọ̀rá fẹ́ràn ìṣirò yìí gan-an, wọ́n a máa kà á sí etí ayé bí ẹsẹ Ifá. Ohun tí wọn kì í kà síta ni pé àwọn ará Denmark kò ka ọ̀rá tí a sọ sí ojú títì mọ́ ọn, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwọn ìyẹn kò tó nǹkan; ọ̀rá tí wọ́n bá lò tán, inú garawa ìdọ̀tí ni yóò gbé wọ ilé ìdáná-sun, iná rẹ̀ a sì di iná mànàmáná. Ọ̀rá ti Ṣàngó kì í dé ilé ìdáná-sun kankan. Gọ́tà ni ó ń gbà lọ, gọ́tà ni ó ń gbé dé odò, omi tí ó sì yẹ kí ó gba gọ́tà náà kọjá ni ó wọ ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin onígílóòbù lọ. Ìwọ̀n tí a fi wọn ẹrù ní ìlú àwọn elédè mìíràn, ẹ jẹ́ kí a tún un wọ̀n kí a tó fi ra ọjà nílé. Síbẹ̀, èmi kò ju nọ́ńbà 149 yẹn nù. Ó wúlò fún mi. Bí ènìyàn bá ń ná ọjà ọrún-ọrún, ọdún kan àti oṣù méje ó lé díẹ̀ ni yóò gbà á kí àpò rẹ̀ tó pé 149, kò sì sí ohun tí ó pọ̀ jù nínú ìyẹn fún ẹni tí ìyá rẹ̀ lo apẹ̀rẹ̀ kan fún ọdún mẹ́wàá.

Ti òwú aláìlóògùn yìí gan-an, a kò ní láti wá a lọ sí òkè òkun. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí ó wà ní ìparí ọ̀nà wa yìí wà lára àwọn tí ń gbin òwú jù ní Áfíríkà. Àwọn baba wa máa ń wí pé òwú kì í là kí inú ó bí olóko. Ṣùgbọ́n ní Borgou, ní ìhà àríwá Bẹ̀nẹ̀, ní àkókò òwú ọdún 1999 sí 2000, òwú là, ẹkún ni ó sì bá a là, nítorí pé oògùn endosulfan tí wọ́n ń fi pa kòkòrò òwú pa ènìyàn 37, ó kéré tán, gẹ́gẹ́ bí ìjọba fúnra rẹ̀ ti kà á. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ ni àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán ọ̀nà mìíràn wò: láti ọdún 1996 ni OBEPAB, ẹgbẹ́ tí ń gbé iṣẹ́ àgbẹ̀ aláìlóògùn lárugẹ ní Bẹ̀nẹ̀, ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti gbin òwú láìlo oògùn ilé iṣẹ́. Èso dóńgóyárò ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń pò, tí wọ́n sì ń fọ́n sí ewé. Wọ́n tún ń fọ́n oúnjẹ kan sí oko tí ń pe àwọn kòkòrò ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ jọ, kí àwọn wọ̀nyí baà lè pa àwọn kòkòrò ọ̀tá jẹ. Bí ẹnì kan bá bi mí léèrè ìdí tí mo fi fẹ́ kí òwú inú àpò mi jẹ́ èyí tí kò mọ oògùn, èmi kì í dárúkọ òfuurufú òkè. Àwọn tí ó kú ní Borgou ni mo ń dárúkọ.

Òwú sì ti gba ọ̀nà tiwa náà kọjá rí. Ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún ó lé ogún sẹ́yìn, Henry Venn, akọ̀wé ìjọ CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, àti Thomas Clegg, oníṣòwò Manchester, pinnu pé òwú ni yóò ti òwò ẹrú kúrò nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Wọ́n kó ẹ̀rọ tí ń yọ kóró òwú wá sí Abẹ́òkúta, wọ́n mú Henry Robbin, ọmọ Sàró, lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ fífọ òwú mọ́, òun àti Samuel Crowther Kékeré sì ni ó ń darí ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún un. Òwú Abẹ́òkúta ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Èkó kí ó tó di ọkọ̀ ojú omi, aṣọ Manchester sì ń gòkè bọ̀. Kí àwọn wọ̀nyí tó dé pàápàá, àwọn ìyá wa ti ń ran òwú, wọ́n ti ń hun kíjìpá, aṣọ líle tí a fi ń ṣe iṣẹ́ oko, tí ó sì ń gbó ju ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lọ. Nítorí náà bí òyìnbó kan bá gbé àpò òwú wá sí Ọ̀tà gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ tuntun, kí a kí i pé ó kú iṣẹ́, kí a fún un ní ìjókòó, kí a sì bi í pé ta ni ó kọ́ ọ.

Àpò aṣọ tilẹ̀ wà nílé wa báyìí, ó pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn yàrá yín, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo òkú àgbà tí a sin, gbogbo ìyàwó tí a gbé, gbogbo ilé tí a ṣí, a fi àpò ṣe ìrántí rẹ̀, a tẹ àwòrán olóògbé sí i lára pẹ̀lú ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe aṣọ; ike ni, tí a fún pọ̀ kí ó dà bí aṣọ, ìran ọ̀rá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kí a tilẹ̀ gbà pé aṣọ ni: ta ni yóò gbé ìyá oníyàá kọ́ apá lọ ra ẹja? Bẹ́ẹ̀ ni àpò méjìdínlógún ṣe ń sùn sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi, láìtíì ṣe ìrìn ẹyọ kan nínú 149. Èmi yóò kúkú yin àpò alárànbarà tí a sọ ní Ghana-mọ́ọ̀sì-gò lẹ́yìn ìléjáde àwọn ará Ghana ní ọdún 1983, àti èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní báàgì bákò. Ike ni wọ́n fi hun àwọn méjèèjì, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó bá ra ọ̀kan, yóò lò ó títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi já, yóò gbé e fún télọ̀ kí ó tún ọwọ́ náà rán, yóò sì tún máa gbé e lọ.

Èmi ra aṣọ òwú funfun líle ní ọjà, mo sì bi aláṣọ bí ó bá mọ̀ bóyá wọ́n fi oògùn sí òwú rẹ̀ nínú oko. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Bàbá, aṣọ ni mo ń tà o, n ò ta ẹ̀wà.” Mo gbé e lọ bá télọ̀ kan nítòsí Ojú-Ọ̀rẹ́, mo ní kí ó fi aṣọ náà rán àpò onílọ̀ọ́po méjì, kí ó sì fi ìrán méjì mú ọwọ́ rẹ̀. Àgbàtán là ń gbọ̀lẹ, bí a bá dáṣọ fọ́lẹ, à pa á láró; nítorí náà mo ní kí wọ́n bá mi rẹ ẹ́ sínú aró pẹ̀lú, kí ìdọ̀tí ọjà má baà tètè hàn lára rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá aláta mi, ó ti na ọwọ́ sí ọ̀rá kí n tó la ẹnu. Mo ní kí ó fi ọ̀rá sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?” Ó tó ọjà mẹ́ta kí ó tó gbà pé kò sí ìjà láàárín wa; lẹ́yìn náà ni ó wá ń fi ata ṣọ́ńbọ̀ díẹ̀ sí i dípò ọ̀rá, èènì àtijọ́ sì padà wálé.

Kì í ṣe ohun gbogbo ni àpò aṣọ lè gbé. Ẹja tútù tí omi ń ro lára rẹ̀, ẹran tí ẹ̀jẹ̀ kò tí ì gbẹ, epo pupa, ìwọ̀nyí kò gbọ́ èdè òwú. Abọ́ oníderí ni a ó máa mú lọ fún wọn, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn yóò bá sì gbé ìgbésẹ̀ ní Ọ̀tà, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí wọ́n má kọ́kọ́ rán agbófinró sí àwọn ìyá ọlọ́jà. Kí wọ́n pe àwọn ìyálọ́jà, àwọn onílé iṣẹ́ ọ̀rá àti ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ jókòó sí ibì kan náà, nítorí pé ìlú tí ó ní ẹ̀rọ, tí ó ní télọ̀, tí ó sì ní ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ tó báyìí, kò yẹ kí ó máa ra àpò aṣọ láti ibòmíràn. Kí ọ̀rá ní iye owó tí oníbàárà yóò fi ojú rí, bó ti wù kí ó kéré mọ. Kí wọ́n sì kó ohun tí ó wà nínú gọ́tà Ṣàngó jáde kí òjò tó dé, nítorí òjò kò ní í dúró de ìpàdé.

Ìṣó kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mi, ibẹ̀ ni mo ń fi àpò aláró náà kọ́, kí n má baà gbàgbé rẹ̀ bí mo bá ń jáde. Mo sì ń fi ẹfun fa ilà kan sí ara ògiri ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé e dé láti ọjà. Mo kà á ní òwúrọ̀ yìí kí n tó jókòó kọ̀wé. Ilà mọ́kànlélọ́gọ́ta ni.